Kì Í Ṣe Béárì Ló Pa Floyd

Aláìsàn kẹta irú èyí rèé lọ́dún yìí. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, awakọ̀ tírélà. Inú ti ń run ún láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó di Àbámẹ́ta kí wọ́n tó gbé e wá bá wa ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ. Kí ló ti lò? Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ìgò kan àtààbọ̀, tí ìyá ìyàwó rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti ilé. "Nọ́ọ̀sì, ó mà ti ń ṣiṣẹ́ o, inú náà rọlẹ̀ lánàá." Ó rọlẹ̀ ni! Apẹ́ńdíìsì, ìfun kékeré tó wà nísàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, ló bẹ́. Orí yọ ọ́. Ọjọ́ tó máa lọ sílé, ó tún ń béèrè ibi tí a gbé ìyókù àgbo rẹ̀ sí.

Iowa níbí, ní Amẹ́ríkà, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní Sioux City, òpó òkúta kan wà lórí òkè, gíga rẹ̀ tó 100 ẹsẹ̀ bàtà. Ibojì Sájẹ́ńtì Charles Floyd ni. Ó wà lára àwọn tí Ààrẹ Jefferson ti Amẹ́ríkà ní kí àwọn ọ̀gá ológun méjì, Lewis àti Clark, kó gba odò Missouri lọ, kí wọ́n wá ọ̀nà dé òkun ìwọ̀-oòrùn. May 1804 ni wọ́n gbéra, September 1806 ni wọ́n padà dé St. Louis. Tí mo bá ti ń sọ ìtàn yìí fáwọn ará wa, béárì ni wọ́n máa ń bi mí. Béárì lé wọn lóòótọ́. Ebi pa wọ́n débi pé wọ́n jẹ ẹṣin wọn. Ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ olójú kan tiẹ̀ yìnbọn bá Lewis ní ìdí, ó ṣe bí ẹran ni. Kò sí èyí tó pa wọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo ló kú nínú wọn, inú rírun ló sì mú un lọ. Apẹ́ńdíìsì ni àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí ń fura sí.

Wọn ò mú dókítà dání. (Nọ́ọ̀sì ńkọ́? Ta ló ń rántí nọ́ọ̀sì!) Lewis lọ sí Philadelphia lọ́dún 1803 lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ Benjamin Rush, dókítà tí òkìkí rẹ̀ kàn, ó sì kó oògùn rẹ̀ dání ní dọ́sìn 50, ìyẹn horo 600. Mẹ́kúrì àti gbòǹgbò jalap tó ń múni yàgbẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ tún un kà, ẹ jọ̀ọ́: mẹ́kúrì, májèlé! Àrá ni wọ́n ń pe oògùn náà, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí àrá ń ṣe. Lójú Rush, kí aláìsàn yàgbẹ́, kí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, ó parí.

Ní September 1805, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Bitterroot, ebi ti fojú wọn rí màbo. Àwọn Nez Perce, ẹ̀yà onílẹ̀ ibẹ̀, fún wọn ní ẹja gbígbẹ àti gbòǹgbò camas. Wọ́n jẹ ẹ́ yó, inú wọn dàrú, àwọn kan ń dùbúlẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà. Kí ni Clark fún wọn? Oògùn Rush! Inú tó ti dàrú, ẹ tún ń fọ̀ ọ́! Lọ́dún 2002, àwọn awalẹ̀pìtàn ṣì rí mẹ́kúrì nínú ihò ìgbẹ́ wọn nítòsí Lolo, ní Montana.

Rush ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni. Ẹni tó ń ta àgbo nínú bọ́ọ̀sì lónìí ńkọ́, tí ìgò kan náà ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ibà, ẹ̀yìn dídùn àti àìrọ́mọbí? Tí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í run yín nídodo, tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀, tí èébì tàbí ibà bá tẹ̀ lé e, ẹ má jẹun, ẹ má mu àgbo, ẹ má fa ohunkóhun sí ìdí. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Tó bá sì rọlẹ̀ lójijì, ẹ tún yára sí i, ó lè jẹ́ pé ó ti bẹ́ nìyẹn.

Nítorí ti Floyd náà rọlẹ̀. Ní July 31, 1804, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti ń ṣàìsàn tipẹ́, ṣùgbọ́n ara òun ti yá. Ọmọ ọdún bíi 22 ni. Ní August 19, ó dá a wó. Clark kọ ọ́ pé kò sí ohun tó ń dúró nínú rẹ̀, lókè tàbí nísàlẹ̀. York, ẹrú Clark, ló ń tọ́jú rẹ̀ jù. Ó di ọdún 1886 kí Reginald Fitz ní Boston tó là á yé àwọn dókítà pé kí wọ́n máa tètè yọ apẹ́ńdíìsì. Ní August 20, wọ́n dúró létí odò láti se omi gbígbóná kí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́, bóyá ara rẹ̀ á le díẹ̀. Ó sọ fún Clark pé òun ń lọ, pé kó bá òun kọ lẹ́tà kan. Kí wọ́n tó gbé e débi omi náà, ó ti kú.