Lílo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ nífẹ̀ẹ́ sí láti kọ́ni ní ìtàkùrọ̀sọ èdè Japan

Lílo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ nífẹ̀ẹ́ sí láti kọ́ni ní ìtàkùrọ̀sọ èdè Japan jẹ́ ọ̀nà ìkọ́ni tí bọ́ọ̀lù, oúnjẹ, orin, iṣẹ́ ọnà tàbí ohunkóhun mìíràn tó wà lọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń di kókó ọ̀rọ̀ nínú kíláàsì. JLPT, ìdánwò ìmọ̀ èdè Japan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè náà ti ń ṣe láti 1984, kò ní apá ọ̀rọ̀ sísọ, nítorí náà ẹni tó ń kàwé nítorí rẹ̀ nìkan lè yege, síbẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ wúwo nígbà tó bá pàdé ará Japan.

Ọmọ Yorùbá kì í lọ sídìí èdè yìí lọ́wọ́ òfo. Fáwẹ́lì márùn-ún, a, i, u, e àti o, ni èdè Japan ní, sílébù rẹ̀ sì sábà máa ń parí sí fáwẹ́lì bíi ti Yorùbá. Ètò gbólóhùn ni ó ṣòro, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó máa ń kẹ́yìn, tí àwọn wúnrẹ̀n kéékèèké bíi wa, ga àti o sì máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-orúkọ láti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù yóò sọ pé Sakkā ga suki desu. Ìhun kan ṣoṣo yìí gba orúkọ ohunkóhun tí ènìyàn bá fẹ́ràn, ó sì yẹ kí ó ṣáájú nínú ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní láti dúró dìgbà tó bá mọ kanji, àmì ìkọ̀wé èdè náà, 2,136 tí ìjọba Japan yàn fún ìlò gbogbogbòò kí ó tó la ẹnu.

Ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè mú wá láti ilé. Ẹni tó fẹ́ràn oúnjẹ lè ṣàlàyé bí a ṣe ń gún iyán, kí ó wá béèrè nípa mochi, ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tí àwọn ará Japan ń gún nínú odó tí wọ́n ń pè ní usu: ẹnì kan ń gún, ẹlòmíràn ń fi ọwọ́ tútù yí i padà bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti gbé igi sókè. Ẹni tí iṣẹ́ ọnà wù lè sọ̀rọ̀ nípa àwọn orí idẹ tí wọ́n wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, kí ó fi wọ́n wé haniwa, àwọn ère amọ̀ tí àwọn ará Japan ìgbàanì ń tò sórí ibojì àwọn ọlọ́lá. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù lè ròyìn Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2002, nígbà tí Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù ní Kobe àti Osaka, kí wọ́n fi kọ́ -mashita, ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń fi ohun tó ti kọjá hàn. Irú ọ̀rọ̀ báyìí sàn ju ìtàkùrọ̀sọ inú ìwé tí a há sórí lọ, nítorí ẹni tó ń gbọ́ ọ kò mọ ohun tó kàn.

Fíìmù oníyàwòrán Japan, anime, ni ó ń fa ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wọ inú èdè náà, ibẹ̀ sì ni olùkọ́ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù lọ. Àwọn ọkùnrin inú rẹ̀ sábà máa ń pe ara wọn ní ore, wọ́n sì ń pe ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ní omae. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pe olùkọ́ tàbí àgbàlagbà ní omae, àrífín gbáà ni, bí ìgbà tí ọmọdé bá pe bàbá bàbá rẹ̀ ní ‘ìwọ’. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ máa ń parí sí desu tàbí -masu, orúkọ ẹni pẹ̀lú àfikún ọ̀wọ̀ -san, tàbí sensei fún olùkọ́, ni wọ́n sì sábà máa ń lò dípò ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Èyí kì í ṣe ìdí láti lé akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nídìí fíìmù tó fẹ́ràn. Kí wọ́n mú gbólóhùn kan láti ẹnu ẹ̀dá inú rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì tún un sọ bí ẹni ń bá ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé tí ‘ìwọ’ àti ‘ẹ̀yin’ kò ti jọra yóò tètè rí ìyàtọ̀ náà.

Apá ti olùgbọ́ náà ṣe pàtàkì. Ará Japan tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kì í dákẹ́ lásán: hai tàbí ee (‘bẹ́ẹ̀ ni’), tàbí sō desu ne (‘bẹ́ẹ̀ ló rí’) ni yóò máa fi gbè é, àṣà tí wọ́n ń pè ní aizuchi. Ẹni tó bá kan ohun tó fẹ́ràn lè máa dá sọ̀rọ̀ lọ, nítorí náà ó dára kí olùkọ́ so ẹni tí orin wù pọ̀ mọ́ ẹni tí iṣẹ́ oko wù, kí ìkọ̀ọ̀kan máa gbe ẹnìkejì rẹ̀, kí ó sì máa bi í ní ìbéèrè. Nínú ìdánwò ẹnu, ó yẹ kí ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ bi ẹnìkejì rẹ̀ gba máàkì bíi ti àlàyé tó ṣe fúnra rẹ̀.