Ìmúrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n tuntun tí a fi irun ẹran ṣe

Búrọ́ọ̀ṣì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ ìsọ̀ bábà, ì báà jẹ́ ní Sábó tàbí ní Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀, ni èyí tí wọ́n fi ń gbọn irun kúrò lọ́rùn oníbàárà, tí wọ́n sì fi ń pa pówúdà sí i lọ́rùn nígbà tí wọ́n bá gẹ irun tán. Kì í ṣe òun ni à ń sọ níhìn-ín. Búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n kúrú, orí rẹ̀ ki, omi àti ọṣẹ ni a sì fi ń lò ó: òun ni ó ń po ọṣẹ títí yóò fi hó, tí ó ń ti omi sí ìdí irùngbọ̀n, tí ó sì ń gbé irun dìde kí abẹ tó kàn án. Ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ bá lọ́, bí ti púpọ̀ nínú wa, ni ó máa ń jàǹfààní rẹ̀ jù, nítorí pé kò ní nílò láti tẹ abẹ mọ́ awọ kí irun tó gé, bí kò tilẹ̀ lè mú bọ́m̀pù kúrò lójú pátápátá.

Bí a bá ra irú búrọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ lónìí, tí a sì lò ó lónìí náà, ó ṣeé ṣe kí a kábàámọ̀ owó wa. Yóò máa gún ènìyàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò máa rùn, ọṣẹ tí a pò kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ìmúrọ̀ ni gbogbo ohun tí a ń ṣe láti ìgbà náà títí di ọjọ́ tí ẹnu irun náà yóò rọ̀, tí ìdí rẹ̀ yóò sì ṣì le tó láti gbé ara rẹ̀ dúró. Ìdajì tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé búrọ́ọ̀ṣì tí ó rọ̀ láti òkè dé ilẹ̀ ti bàjẹ́ ni, kì í ṣe pé ó rọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ènìyàn wádìí ni irú ẹran tí irun náà ti wá. Irun ẹlẹ́dẹ̀ ni ó wọ́pọ̀ jù, owó rẹ̀ ni ó sì máa ń kéré jù. Bí wọ́n bá kọ boar tàbí pure bristle sí ara páálí rẹ̀, irun ẹlẹ́dẹ̀ ni. Irun badger, ẹranko kan tí ó ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ ní Yúróòpù àti Éṣíà, wọ́n ju ti ẹlẹ́dẹ̀ lọ dáadáa, ilẹ̀ Ṣáínà sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Irun ẹṣin náà wà, èyí tí a lè gé lára gọ̀gọ̀ àti ìrù ẹṣin láìpa ẹṣin náà. Èyí tí wọ́n fi okùn rọ́bà ṣe kò sí nínú ọ̀rọ̀ wa, nítorí pé rọ́bà kì í mu omi. Bí ó ṣe rí lọ́jọ́ tí a rà á náà ni yóò ṣe máa rí. Mùsùlùmí tí ó bá fẹ́ ra búrọ́ọ̀ṣì ní láti fi ojú sí ohun tí wọ́n kọ sí páálí yìí, kí ó má ṣe gbà pé irun ẹṣin ni gbogbo irun dúdú. Ẹnu àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kò kò lórí irun ẹlẹ́dẹ̀, nítorí náà ààfáà ẹni ni a ó bi, kì í ṣe ẹni tí ń tajà.

Irun ẹran, gẹ́gẹ́ bí irun orí wa, púrótéènì kan tí à ń pè ní keratin ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí omi bá wọ inú rẹ̀, àwọn ìdè kan tí kò lágbára láàárín púrótéènì náà a tú, irun á wú, á sì tẹ̀ láìṣẹ́. Gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ìsanra rẹ̀ ni ó ń pọ̀ sí i. Irun ènìyàn tí ó bá mu omi yó a máa fi nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún sanra ju bí ó ti wà ní gbígbẹ lọ. Nígbà tí omi bá sì tán lára rẹ̀, á sún kì padà, àwọn ìdè náà á tún so. Wíwú àti sísúnkì yìí, pẹ̀lú títẹ̀ tí a ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí a bá ń po ọṣẹ, ni ó ń la ẹnu irun ẹlẹ́dẹ̀ sí méjì, sí mẹ́ta, díẹ̀díẹ̀. Bí ènìyàn bá ti run pákò rí, ó ti mọ ìyókù: orín àtà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé máa ń gún èrìgì, ṣùgbọ́n nígbà tí itọ́ bá ti rin ín, tí eyín sì ti tẹ̀ ẹ́ tẹ́, ẹnu rẹ̀ á ya wẹ́wẹ́, á sì di ohun tí a lè fi fọ eyín, bẹ́ẹ̀ ni igi tí a dì mú lọ́wọ́ ṣì le.

Irun badger kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín rẹ̀ ni ó sanra, ẹnu rẹ̀ a sì tín-ín-rín fúnra rẹ̀, kò nílò kí ó là. Fífọ òórùn àti eruku kúrò lára rẹ̀, kí orí búrọ́ọ̀ṣì sì ráyè ṣí sílẹ̀, ni gbogbo ìmúrọ̀ tirẹ̀. Ìgbà díẹ̀ tí a bá lò ó, ó ti parí. Irun ẹṣin wà láàárín àwọn méjèèjì. Irun ẹlẹ́dẹ̀ ni ó ń gba sùúrù, a sì máa tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta pẹ̀lú ìlò ojoojúmọ́, nígbà mìíràn a ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà òun ni àlàyé yìí yóò dúró tì.

A ó kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́. Ṣámpù ìfọrun lásán ti tó. Òórùn ẹran tí ó ń jáde lára búrọ́ọ̀ṣì irun ẹlẹ́dẹ̀ nígbà tí omi bá kọ́kọ́ kàn án lè lé ènìyàn kúrò ní balùwẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àmì pé ó ti bàjẹ́, bí a bá sì ti ń fọ̀ ọ́ tí a ń sá a ni yóò máa lọ. Lẹ́yìn náà, kí a bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ife, kí a da orí búrọ́ọ̀ṣì dé sínú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí omi má sì ga dé ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ irun mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tí a fi igi ṣe pàápàá kò fẹ́ omi rárá, yóò wú, yóò sì sán. Nígbà tí a bá yọ ọ́, a ó rọra fún omi rẹ̀ dànù. A kì í lọ́ ọ bí ẹni lọ́ aṣọ.

Ọṣẹ pípò ni iṣẹ́ gan-an. A ó fi orí búrọ́ọ̀ṣì yí lójú ọṣẹ títí yóò fi gbé ọṣẹ dáadáa, a ó sì bọ́ sínú abọ́ tàbí àtẹ́lẹwọ́ láti máa pò ó, pẹ̀lú omi díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ọṣẹ ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ìfófòó á kún abọ́, funfun, ó ki. Kí a tó ka ogún, ó ti ń rẹlẹ̀, kò pẹ́ sí i kò ku ju omi funfun kan tí ó ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ abọ́. Irun tuntun ni ó ń mu omi inú rẹ̀. Kí a tún gbé ọṣẹ, kí a tún pò ó, ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, láìfá irùngbọ̀n kankan pẹ̀lú rẹ̀ bí kò bá wù wá. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi omi ṣàn án títí omi tí ń jáde lára rẹ̀ yóò fi mọ́, a ó gbọ̀n ọ́n, a ó sì gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

Àwọn kan máa ń fi ìfófòó sílẹ̀ lórí rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí a bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọṣẹ ìfárùngbọ̀n, kò burú, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí ó fi dára ju kí a fọ̀ ọ́ kí ó sì gbẹ lọ. Ọṣẹ dúdú ni mo kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ó sùn sórí irun. Ó fọ nǹkan mọ́, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n omi eérú ni a fi ń sè é, agbára omi eérú náà kì í sì í dọ́gba láti ọwọ́ ọlọ́ṣẹ kan sí òmíràn. Èyí tí ó bá le jù yóò jẹ irun ẹran bí ó ṣe ń jẹ irun orí.

Omi tí a ń lò tún lè tan ènìyàn jẹ. Àwọn kànga àti ihò omi kan wà ní àdúgbò wa tí ọṣẹ kì í hó nínú omi wọn bọ̀rọ̀, nítorí èròjà bíi kálísíọ̀mù tí omi náà ti kó láti inú ilẹ̀ àti àpáta. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá pàdé ọṣẹ, ìdọ̀tí funfun kan á yọ, á sì lẹ̀ mọ́ ara irun, irun á wá máa le gan-an bí ẹni pé a kò mú un rọ̀ rí. Àtúnṣe rẹ̀ kò ná ni lówó: ṣíbí fínígà kan nínú ife omi kan, kí a ki orí búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a sì ṣàn án. Ẹni tí ó bá gbe omi òjò sínú dírọ́ọ̀mù kò tilẹ̀ ní láti ṣe ìyẹn, nítorí pé omi òjò kò ní èròjà wọ̀nyí, ọṣẹ a sì hó nínú rẹ̀ kíákíá.

Gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ ń fojú kéré, bẹ́ẹ̀ ìdajì iṣẹ́ ni. Irun tí kò gbẹ tán kò sún kì tán. Nígbà ọyẹ́, búrọ́ọ̀ṣì tí a lò láàárọ̀ ti lè gbẹ kí ọjọ́ tó kanrí, ṣùgbọ́n láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò Ifẹ̀ kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ lórí okùn, ó lè di ọjọ́ kejì kí inú rẹ̀ tó gbẹ. Kí a má ṣe dé e mọ́ inú ọ̀rá tàbí àpótí ní tútù, nítorí yóò bu. Kí a má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù láti yára gbẹ ẹ́.

Ìkánjú ni ó ń bà á jẹ́ jù lọ. Omi gbígbóná tí ó ń hó máa ń mú gọ́ọ̀mù rọ̀, á sì sọ irun di ẹlẹgẹ́. Ẹni tí ó bá fi sáńpépà tàbí iyọ̀ ha ẹnu irun ń gé e ni, kò là á. Èyí tí ó burú jù ni sísọ́ọ̀sì: ẹni tí irun gún, tí ó wá gé ẹnu rẹ̀ kúrò, ti sọ irun tí ẹnu rẹ̀ ìbá là di kùkùté, irun tí kò sí lára ẹran mọ́ kò sì lè hù padà. Ìpara ìmúrunrọ̀ náà máa ń tàn ni, nítorí ara irun ni ó ń bò, kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó dáadáa, bí a bá sì fọ̀ ọ́ kúrò, a ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Títẹ búrọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ kankan kí a máa fi yí lójú kan a tún máa ṣẹ́ irun àárín, tí ihò á fi wà láàárín orí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa èyí tí ó ti gbó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ogun dí ọ̀nà irun badger, àwọn kan sì ń fi irun ẹṣin tí wọn kò pa kòkòrò inú rẹ̀ ṣe búrọ́ọ̀ṣì tí ó jọ ti badger. Àrùn anthrax, àrùn ẹran ọ̀sìn kan tí ó lè ran ènìyàn, wà nínú irun náà, ó sì gba ojú ibi tí abẹ ti ha awọ wọlé sára àwọn ọmọ ogun àti ará ìlú ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí àkọsílẹ̀ wà nípa wọn lé ní 200. Lóde òní, wọ́n máa ń ṣe ìtọ́jú irun kí ó tó dé ọjà, kò yẹ kí èyí dẹ́rù ba ẹni tí ó ra tuntun. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá rí búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ orí rẹ̀ láàárín ẹrù òkìríkà, kí ó fi sílẹ̀ fún ẹni tí ń kó ohun ìgbà ìwáṣẹ̀ jọ.

Irun mélòó kan yóò máa já nígbà àkọ́kọ́, kò léwu. Bí ó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tí ó ṣì ń já, tàbí tí ó ń já ní ìdì-ìdì, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ni kò dára, kò sí ìmúrọ̀ tí ó lè tún un ṣe. Kí a dá a padà fún ẹni tí ó tà á. Èyí tí ó ti rọ̀, ọṣẹ á dúró lórí rẹ̀ títí a ó fi fá ojú tán, orí rẹ̀ á sì tóbi ju bí a ti rà á lọ nígbà tí ó bá gbẹ. Kí a mú ẹyọ irun kan tí ó já, kí a gbé e síta gbangba nínú oòrùn: ẹnu rẹ̀ á ti là, àwọ̀ ibi tí ó là á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun.

Nítorí pé a kò lè se irun ẹran lórí iná bí a ti ń se irin, kò sí bí a ṣe lè fi ọkàn balẹ̀ lo búrọ́ọ̀ṣì kan fún ojú ènìyàn púpọ̀. Làpálàpá irùngbọ̀n lè gba ibẹ̀ ràn. Oníbàárà tí ó bá fẹ́ kí bábà fi búrọ́ọ̀ṣì onírun fá òun, kí ó mú tirẹ̀ dání láti ilé, kí ó sì mú un lọ ní gbígbẹ.