Ìṣọ́ HPV láti inú DNA: irú wo ló wà láàárín wa?

Lọ́dún 2004, àwọn olùwádìí tẹ èsì iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn. Wọ́n ti yẹ obìnrin tó lé ní 900 wò níbẹ̀, HPV ni wọ́n sì ń wá, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Bá a bá kó obìnrin mẹ́rin jọ, ó wà lára bí ẹnì kan. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn, ara àwọn ọ̀dọ́ ló ti máa ń pọ̀. Ní Ìdíkàn, àwọn ìyá àgbà náà ní in. Èyí tó sì wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé irú 35 wà lára àwọn tó gbilẹ̀ jù níbẹ̀.

Orúkọ kan ni HPV ń jẹ́, ṣùgbọ́n agbo ilé ńlá ni. Irú rẹ̀ tí wọ́n ti fi nọ́ńbà dá mọ̀ lé ní 200. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣeni ní ohun tó burú, ara fúnra rẹ̀ ló máa ń lé wọn jáde. Bíi 14 ló léwu. Nínú wọn, irú 16 àti 18 ló wà nídìí bíi ìdá 70 nínú 100 jẹjẹrẹ yìí kárí ayé. Ọ̀gbẹ́ni Harald zur Hausen àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní Jámánì ló kọ́kọ́ rí méjèèjì nínú jẹjẹrẹ náà, lọ́dún 1983 àti 1984. Ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yẹn lọ́dún 2008.

Kò sí dókítà tó lè fojú wo ara èèyàn kó sọ pé irú 35 nìyí, irú 16 nìyẹn. Kòkòrò yìí kì í sì í hù nínú àwo láàbù bí àwọn mìíràn ṣe ń hù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò wúlò tó bẹ́ẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní fi àmì kankan hàn. Inú DNA rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ irú ohun tó jẹ́, nìkan ni a ti lè ka orúkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní molecular surveillance nìyẹn: kí á máa yẹ DNA wò léraléra, láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, ní ọ̀nà kan náà lọ́dọọdún, ká lè mọ irú tó ń pọ̀, irú tó ń dín kù, àti irú tó kàn jókòó síbẹ̀. Ó yàtọ̀ sí àyẹ̀wò tí obìnrin kan lọ ṣe nítorí ìlera ara rẹ̀. Ìlú ni ìṣọ́ ń yẹ̀ wò.

Ìdí tó fi ká wa lára rèé. Láti October 2023 ni Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Irú 6, 11, 16 àti 18 ni abẹ́rẹ́ náà ń dènà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbà á. 16 àti 18 ló ń pa èèyàn jù. Abẹ́rẹ́ mìíràn wà tó ń dènà irú mẹ́sàn-án, ó fi 31, 33, 45, 52 àti 58 kún mẹ́rin yẹn. Irú 35 tí wọ́n rí n'Ìdíkàn kò sí nínú ìkankan. Bí a kò bá máa ṣọ́ ọ fúnra wa, ta ni yóò bá wa ṣọ́ ọ?

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan kòkòrò. Omi ni wọ́n máa gbé fún un, pẹ̀lú pipette, ìyẹn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fa omi díẹ̀díẹ̀, àti òṣùwọ̀n kékeré. Á fa 100 máíkírólítà omi, á tẹ̀ ẹ́ sórí òṣùwọ̀n. Ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù ló yẹ kó rí. Á tún un fà, á tún un wọ̀n, títí àtàǹpàkò rẹ̀ á fi mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kàn PCR, ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀ nínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ yìí á gbóná dé bíi 95°C kí okùn DNA méjì tó lọ́ mọ́ra lè tú. Á rọlẹ̀ kí èròjà tó ń wá HPV lè lẹ̀ mọ́ ibi tó ń wá. Á tún gòkè dé 72°C kí ẹ̀dà tuntun lè hù. Ẹyọ kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 30, ẹyọ kan yẹn ti lé ní bílíọ̀nù kan.

Ibi tí agbára rẹ̀ wà náà ni ìyọnu rẹ̀ wà. Ẹ mọ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ata rodo ṣe máa ń fọwọ́ tó rò pé ó ti mọ́ nu ojú. Bẹ́ẹ̀ ni DNA ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ ibọ̀wọ́. Nítorí náà, yàrá tí wọ́n ti ń po èròjà yàtọ̀ sí yàrá tí wọ́n ti ń ṣí ẹ̀dà, ẹni tó bá sì ti dé èkejì kò gbọdọ̀ padà sí àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Tíùbù omi lásán tún máa ń wà nínú gbogbo iṣẹ́, kó lè tú àṣírí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, omi wa sọ pé òun ní irú 16. Omi! Ọ̀kan nínú wa ló wọ ibọ̀wọ́ kan náà dé yàrá méjèèjì. Olùkọ́ wa kò pariwo. Ó ní, “Ẹ ka iye obìnrin tó wà nínú àwo yìí fún mi.” A ní, “22 ni, mà.” A da gbogbo rẹ̀ nù, a fi bílíìṣì nu tábìlì, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀.

Wọ́n tún máa ń wá DNA obìnrin tí wọ́n ń yẹ̀ wò fúnra rẹ̀ nínú ohun tí wọ́n gbà lára rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, a kò lè sọ pé kò ní HPV. A kàn gba nǹkan tí kò ṣe é yẹ̀ wò ni.

Ọmọ ọdún 9 tó gba abẹ́rẹ́ l'October 2023 máa pé ọdún 30 ní nǹkan bíi 2044, ọjọ́ orí tí àjọ WHO ní kí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò HPV. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà máa fẹ́ mọ bí ìlú ṣe rí kí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó hàn. Inú ìwé àkọsílẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ báyìí ló máa wò.