Bọ́ọ̀ṣì tuntun kì í pẹ́? Níbo ni táyà wà nígbà tí wọ́n ń fún nọ́ọ̀tì ẹ̀ le?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹ ò ní jókòó ti awakọ̀ méjì ní gáréèjì Kabba kí ọ̀kan má sọ ọ́, pé bọ́ọ̀ṣì tuntun tí wọ́n ń fi sí lower arm, apá irin tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀, kì í pẹ́, ayédèrú ni gbogbo ẹ̀, tòkunbọ̀ ni kéèyàn máa wá kiri. Èkejì á ní òótọ́ ni jàre. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Mi ò sọ pé ọ̀nà wa dáa o. Ẹni tó bá ti gba Kabba kọjá Mopa lọ sí Isanlu dé Egbe mọ ohun tí ẹsẹ̀ mọ́tò ń rí, tírélà sìmẹ́ńtì tó ń jáde láti Obajana náà ò sì jẹ́ kí kòtò wà bó ṣe wà. Ayédèrú wà lọ́jà, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n Corolla 2003 tó wọ̀lú pẹ̀lú bọ́ọ̀ṣì tí kọ́ńpìnì fi sí i lára, ṣé ọ̀nà míì lòun ń gbà ni? Ó lè rin ọ̀nà yìí fún ọdún mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbì-gbì, ẹ wá pààrọ̀ ẹ̀, tuntun ò rí ẹ̀ẹ̀rùn méjì. Wọ́n á ní China ni. Ẹ wá ra èyí tó wọ́n jù, òun náà ya, wọ́n á ní China náà ni, wọ́n kàn kọ Japan sí i lára ni. Bọ́ọ̀ṣì wo ló fẹ́ jàre irú ẹjọ́ báyìí?

Èyí tí mi kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ni pé níbo ni táyà wà nígbà tí wọ́n ń fún nọ́ọ̀tì tó de bọ́ọ̀ṣì yẹn mọ́ ara ọkọ̀ le.

Ẹ wo bọ́ọ̀ṣì fúnra ẹ̀ ná. Páìpù irin kékeré wà láàrin, irin míì wà lóde, rọ́bà ló dí àárín méjèèjì, wọ́n sì ti lẹ rọ́bà yẹn mọ́ irin pinpin láti ilé iṣẹ́ wá. Irin òde, inú lower arm ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọ̀. Irin inú, bóòtù ló dè é mọ́ ara ọkọ̀, tẹ́ ẹ bá ti fún un le, kò yí mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn, àní àwọn mẹkáníìkì míì gan-an, rò pé lower arm ń yí lára bóòtù, ìyẹn náà ló ń jẹ́ kí wọ́n máa bu gíríìsì sí i. Kò sóhun tó ń yí níbẹ̀ o. Tí táyà bá lọ sókè, rọ́bà ló ń lọ́, tó bá sọ̀ kalẹ̀, á tún lọ́ padà. Gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn.

Ìyẹn ni pé ibi tí táyà wà nígbà tẹ́ ẹ fún nọ́ọ̀tì le, ibẹ̀ nìkan ni rọ́bà ti máa ń sinmi. Báwo la wá ṣe ń ṣe é? Jáàkì ti gbé ọkọ̀ sókè, táyà ti kúrò, lower arm ń rọ̀ dọ̀rọ̀dọ̀rọ̀ sílẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ki sípánà bọ̀ ọ́, ó fi páìpù gùn ún, ó fún un títí kò fi gbà mọ́, wọ́n wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe jókòó báyìí, lower arm gbé sókè, rọ́bà ti lọ́ kó tó rìn rárá, bẹ́ẹ̀ ló sì máa wà tọ̀sán tòru, kódà tẹ́ ẹ bá páàkì ẹ̀ tẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ní kó yí ọrùn sápá kan látàárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n tún wá ń gbá a létí. Tó bá já sí kòtò báyìí, ó lọ́ kọjá agbára ẹ̀, ó ya. Ẹ lọ bú China.

Kì í ṣe ọgbọ́n orí mi. Ó wà nínú ìwé àtúnṣe táwọn tó ṣe ọkọ̀ ń kọ: ẹ kọ́kọ́ dè é wẹ́rẹ́, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà, ẹ tẹ iwájú ẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀melòó kan kó lè jókòó dáadáa, kẹ́ ẹ tó wá fún un le. Ẹni tó ń ṣe é nílé tí ò lè wọ abẹ́ ọkọ̀ nígbà tí táyà bá wà nílẹ̀, kó tó tú nǹkan kan, kó fi téèpù wọn àárín táyà sí etí fẹ́ńdà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ti to gbogbo ẹ̀ padà, kó fi jáàkì gbé lower arm níbi tó súnmọ́ ball joint, oríkèé tó so ó mọ́ ẹsẹ̀ táyà, títí ìwọ̀n yẹn á fi pé, kó wá fún un le níbẹ̀. Nọ́ọ̀tì ball joint ò ní wàhálà yìí, ibikíbi lẹ lè ti fún un.

Ti tòkunbọ̀ wá ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó pẹ́ ju ayédèrú lọ lóòótọ́, torí rọ́bà kọ́ńpìnì ló wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà tó ti gbó ni, tí wọ́n bá sì dè é nígbà tí lower arm ń rọ̀ sílẹ̀, òun náà á lọ́. Mi ò lè búra pé gbogbo bọ́ọ̀ṣì tó ya nílẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwa Yorùbá Kogi, sípánà ló pa á. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí bọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn lára lower arm wọn dúró lóòró, ọ̀rọ̀ yìí ò fi bẹ́ẹ̀ kan ìyẹn. Bọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi polyurethane, irú ike líle kan, ṣe náà yàtọ̀, òun ń yí lóòótọ́, ó sì ní gíríìsì tiẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ máa da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó ti dúdú sórí rọ́bà lásán kó má baà dún, ẹ dáwọ́ ẹ̀ dúró, ọ́ìlì ló ń jẹ ẹ́ tó fi ń wú tó ń rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi búlọ́ọ̀kù gbé ọkọ̀, mo bẹ̀ yín. Búlọ́ọ̀kù ò ní kìlọ̀ kó tó fọ́, jáàkì nìkan náà ò tó, ẹ wá sítáǹdì tó jẹ́ irin kẹ́ ẹ tó kó orí sábẹ́. Tó bá jẹ́ shọ́ọ̀kù lẹ fẹ́ yọ kúrò nínú sípíríǹgì, ẹ má tú nọ́ọ̀tì orí ẹ̀ láìsí irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ká sípíríǹgì mọ́ra, ó lè ta sí yín lójú. Ẹ gbé e fún ẹni tó ní irinṣẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì lọ ṣe alignment, ìyẹn títo táyà kó lè dojú kọ ọ̀nà gbọọrọ, tó bá parí, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ojú lásán wò o.