Ta Ló Di Kọ́kọ́rọ́ Mú? Bí Wọ́n Ṣe Ń Gba Ilé ní Etí Ìlú Èkó

Ní Àgbádó, ní Ìkòròdú, ní Mówè àti Ìbàfò, ilé tí wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp láàárọ̀ lè ti bọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe pé wọn kì í kọ́lé níbẹ̀, àwọn bíríkìlà ò sinmi. Àwọn tí owó ilé lé kúrò ní Yábàá, Súrùlérè àti Ìkẹjà ló pọ̀ ju ilé tó ti parí lọ. Ọkọ̀ ojú irin Red Line tún dá kún un. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ló ti ń kó èrò láti Àgbádó, gba Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mùṣín àti Yábàá, dé Òyìngbò. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú tí kò lè ronú kan Àgbádó tẹ́lẹ̀ ti wá ń béèrè ilé tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó ń kó ìdààmú bá ẹni tó ń wálé jù ni pé kì í mọ ipò tí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ wà. Onílé á fa ilé lé ejẹ́ńtì kan lọ́wọ́, tàbí méjì mẹ́ta pọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà láìsí ìwé kankan láàárín wọn. Ejẹ́ńtì yẹn á fi fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn náà á tún fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Bí yàrá-àti-pálọ̀ kan ṣoṣo ṣe ń wà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́jọ nìyẹn, tí iye tí kálukú ń pè é sì yàtọ̀ síra. Kọmíṣọ̀n tí ayálégbé bá san ni gbogbo wọn máa pín. Bí wọ́n bá ti wá pọ̀ jù, owó á máa ga sí i, torí kálukú fẹ́ kí nǹkan tirẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè àkọ́kọ́ kò fi yẹ kó jẹ́ "Èló ni?" Ẹ bi í pé: "Ṣé ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà?" Ẹni tó bá ní kí ẹ dúró ná kí òun pe ẹnì kan, ẹnì kan yẹn lẹ ń wá. Kì í ṣe pé oníjìbìtì ni ẹni tó pe ẹlòmíì o, bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tó onílé, kò sì lè ṣèlérí ohunkóhun. Owó ìrìn àti owó fọ́ọ̀mù tí irú wọn ń gbà kó tó fi ilé han èèyàn kì í padà, ilé ì báà ti bọ́ láti ìjẹta. Ẹni tó bá wo ilé mẹ́wàá lọ́nà báyìí lè ti náwó tó pọ̀ láìrí yàrá kankan.

Tí ilé bá wá ṣeé mú, ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó pé ló ni ín. Ọ̀pọ̀ onílé kì í gba díẹ̀ kí wọ́n fi ilé dúró de èèyàn. Nítorí náà ni ejẹ́ńtì ṣe ń sọ pé ẹnì kan ń bọ̀ wá sanwó nírọ̀lẹ́. Nígbà míì òótọ́ ni, nígbà míì ó kàn fẹ́ kí ẹ yára ni, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè mọ ìyàtọ̀. Àwọn tó ń rí ilé gidi gbà nínú eré yìí ni àwọn tó ti mọ àdúgbò kó tó di pé ilé yọ. Wọ́n ti wọ ọkọ̀ níbẹ̀ ní agogo márùn-ún àbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí wọ́n lè mọ iye wákàtí tí wọ́n máa lò dé ibi iṣẹ́. Wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń ta àkàrà níwájú òpópónà bóyá trànsífọ́mà wọn ń ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, àti iye tí ẹgbẹ́ àdúgbò ń gbà fún ọlọ́dẹ. Bí fọ́tò ilé bá wá já sórí fóònù wọn, ilé nìkan ló kù tí wọ́n máa wò.

Omi ló yẹ kí èèyàn bẹ̀rù jù. Àwọn àdúgbò kan wà létí Odò Ògùn, bí Ajégúnlẹ̀ àti Ìtòwòlò ní ọ̀nà Ìkòròdú, àti apá kan Ìṣẹrì, tí omi ń ya wọ̀ nígbà tí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì ń tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán. Oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá ló máa ń le jù. Ilé tí wọ́n fi hàn yín ní oṣù kìíní, ilẹ̀ rẹ̀ á gbẹ táútáú, ọ̀dà tuntun á sì wà lára ògiri. Ẹ wo ògiri ìta àti ọgbà ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi tí onílé ò kùn. Ìlà omi máa ń wà níbẹ̀.

Owó nìkan kò tán an. Nígbà tí èèyàn márùn-ún bá ń du ilé kan, onílé á ṣà. Á béèrè iṣẹ́, ẹ̀yà, ẹ̀sìn, iye ọmọ, àti onídùúró. Obìnrin tó ń dá gbé, tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, wọ́n sábà máa ń dá a padà, wọ́n á ní kó mú ọkọ rẹ̀ wá. Ìwà tí kò dáa ni, ó sì ń mú kí irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ san owó tó ju ti ẹlòmíì lọ fún ilé tí kò dáa tó.

Ní ti ìṣirò, ẹ gbà pé owó ilé jẹ́ 600,000 náírà lọ́dún. Bí wọ́n bá gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún kọmíṣọ̀n, ìdá mẹ́wàá fún àgírímẹ́ǹtì, àti ìdá mẹ́wàá míì fún kọ́ṣọ̀n, 780,000 lẹ máa kó sílẹ̀. Kọ́ṣọ̀n nìkan ló yẹ kó padà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kó jáde, bí ẹ ò bá ba nǹkan jẹ́. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, sọ pé onílé kò gbọdọ̀ béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ló sì so mọ́ ọn. Síbẹ̀ wọ́n ń béèrè ọdún méjì, torí wọ́n mọ̀ pé bí ẹnì kan bá kọ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e máa san án. Ẹni tó bá gbé ní Mówè tàbí Ìbàfò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ibẹ̀. Bó ti wù kó máa pe ara rẹ̀ ní ará Èkó tó, òfin Èkó kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nítorí ìdíje yìí náà ni àwọn onílé kan ṣe ń gbowó lórí ilé tí wọn ò tíì rẹ́, wọ́n á ní oṣù méjì ló máa parí. Owó ayálégbé ni wọ́n fi ń parí ilé. Ewu rẹ̀ kì í ṣe pé iṣẹ́ á pẹ́ nìkan, ejẹ́ńtì méjì lè ti gbowó ẹni méjì lórí fúláàtì kan náà, torí kò tíì sí ilẹ̀kùn, débi tí kọ́kọ́rọ́ á wà. Ẹni tó bá fẹ́ sanwó níbẹ̀, kó rí onílé fúnra rẹ̀, kó sì san án sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ onílé.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá sanwó, ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ ẹni méjèèjì, àdírẹ́sì ilé, iye owó, àti ọjọ́ tí owó yẹn bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Ní Èkó, òfin fi dandan lé onílé láti kọ ọ́. Kí ẹ tó kó ẹrù wọlé, ẹ ya fọ́tò ògiri, ilé ìwẹ̀, ẹ̀rọ omi àti nọ́ńbà tó wà lórí mítà iná, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lọ́jọ́ náà gan-an. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde, òun ni ẹ máa fi gba owó kọ́ṣọ̀n yín padà.