Bí olóṣèlú ṣe ń gòkè nílùú Ọba: ọ̀nà tí Kemi Badenoch gbà

Nígbà tí Kemi Badenoch, ọmọ Adégòkè, di olórí ẹgbẹ́ Conservative nílùú Ọba ní November 2024, orí íntánẹ́ẹ̀tì gbóná, àwọn kan ń kọ ọ́ pé ọmọ Yorùbá ti di olóòtú ìjọba, àwọn míì ní ó ku díẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ ń bèèrè pé ìgbà wo ni wọ́n dìbò tí ẹbí àwọn tó wà ní London ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n dìbò lóòótọ́, àmọ́ olórí ẹgbẹ́ ni wọ́n yàn, kì í ṣe olóòtú ìjọba, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló sì dì í. Kò sẹ́ni tó ń díje du ipò olóòtú ìjọba níwájú gbogbo ìlú bí wọ́n ṣe ń díje du ipò ààrẹ ní Nàìjíríà tàbí Amẹ́ríkà. Ẹkùn ìdìbò 650 ni wọ́n pín ìlú sí, ẹkùn kọ̀ọ̀kan á yan aṣòfin kan ṣoṣo, ẹni tí ìbò ẹ̀ bá pọ̀ jù ló wọlé kódà tí ò bá tó ìdajì, ẹgbẹ́ tó bá wá kó ìjókòó 326 jọ, olórí ẹ̀ ni ọba máa ránṣẹ́ pè kó wá dá ìjọba sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dé òkè pátápátá, àfi kó kọ́kọ́ di aṣòfin, kó wá di olórí ẹgbẹ́.

Ta ló lè díje? Wimbledon ní London ni wọ́n bí Badenoch sí ní January 1980, Èkó ló ti dàgbà, ó padà sí London nígbà tó pé ọmọ ọdún 16. Torí pé wọ́n bí i kí òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1983, ibi tí wọ́n bí i sí nìkan ti sọ ọ́ di ọmọ ìlú. Ọmọ tí wọ́n bá bí lẹ́yìn ìgbà yẹn, àfi kí ìyá tàbí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú, tàbí kó ti ní ìwé ìgbélùú tí ò ní gbèdéke. Àmọ́ èèyàn ò tiẹ̀ nílò pásípọ́ọ̀tù ìlú Ọba kó tó díje, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ nìyí. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, nítorí náà ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún 18, tó sì ní ìwé ìgbélùú tí ò ní gbèdéke, lè gbégbá ìbò síbẹ̀. Á wá olùdìbò mẹ́wàá nínú ẹkùn yẹn kí wọ́n fọwọ́ sí fóòmù ẹ̀, á fi £500 sílẹ̀, tí ìbò ẹ̀ bá wá kéré sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, owó yẹn ti wọgbó nìyẹn. £500 yẹn ò tó nǹkan téèyàn bá rántí pé ₦10 million ni APC gba lórí fóòmù aṣòfin kékeré lọ́dún 2022.

Owó fóòmù kọ́ ló ń dá èèyàn dúró, ẹgbẹ́ ni. Badenoch wọ ẹgbẹ́ Conservative lọ́dún 2005, ọmọ ọdún 25 ni. Nínú ẹgbẹ́ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ díje máa kọ́kọ́ lọ ṣe ìdánwò àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́dọ̀ àwọn ti oríléeṣẹ́ kí wọ́n tó fi orúkọ ẹ̀ sínú àwọn tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí. Kó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa wá ẹkùn tó máa gbà á ló kù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ládùúgbò ló ń yàn, wọ́n á pe èèyàn mélòó kan wá sínú gbọ̀ngàn, oníkálukú á sọ̀rọ̀, wọ́n á da ìbéèrè bò ó, wọ́n á dìbò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹkùn tí ẹgbẹ́ ti ń wọlé láti ayébáyé, ogunlọ́gọ̀ ló máa du ú, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹkùn tí ò ṣeé wọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹgbẹ́ lè rí i pé wọ́n lè rìn láti ojúlé dé ojúlé kí wọ́n má sì bínú tí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn lójú. Tiẹ̀ ni Dulwich and West Norwood ní gúúsù London, lọ́dún 2010, orúkọ bàbá ẹ̀ ló fi díje nígbà yẹn, Kemi Adegoke. Tessa Jowell ti Labour ló wọlé, òun ṣe ipò kẹta. Kò sẹ́ni tó bá a wí, wọn ò rán an síbẹ̀ kó lọ wọlé.

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e dùn ún gbọ́ torí pé ó fi hàn bí ètò ìdìbò kan ṣe lè gbé èèyàn wọlé láìsí pé ó tún díje. Ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú London ní ọmọ ẹgbẹ́ 25, 14 nínú wọn wọlé láti ẹkùn wọn, 11 tó kù, orí ìwé orúkọ tí ẹgbẹ́ tò ni wọ́n ti ń mú wọn, bí ìbò ẹgbẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ṣe máa kà á láti òkè wá. Lọ́dún 2012 Badenoch ni ìkarùn-ún lórí ìwé Conservative, ẹni mẹ́ta péré ló wọlé. Ó parí nìyẹn, àbí? Rárá o. Lọ́dún 2015 ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn, Victoria Borwick, di aṣòfin ní Westminster, ìyẹn ilé aṣòfin gbogbo ìlú Ọba, ó fi ipò London sílẹ̀. Wọn kì í dìbò tuntun fún irú àyè bẹ́ẹ̀, orúkọ tó kàn ni wọ́n máa pè. Ìkẹrin ló kàn, Suella Fernandes, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Suella Braverman, àmọ́ òun náà ti wọ Westminster nínú ìdìbò kan náà, kò lè gbà á. Bó ṣe kan ìkarùn-ún nìyẹn.

Lọ́dún 2017, Theresa May tó jẹ́ olóòtú ìjọba nígbà yẹn kéde ìdìbò òjijì ní April, June ni wọ́n fẹ́ dì í. Lásìkò kan náà ni Alan Haselhurst, tó ti ń ṣojú Saffron Walden ní Essex láti 1977, sọ pé òun ò díje mọ́. Ogójì ọdún! Irú àyè bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Badenoch ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ibẹ̀ yàn, ó sì fi ìbò 24,966 ju ẹni tó ṣe ìkejì lọ. Ibi tí wọ́n ti yàn án nínú gbọ̀ngàn yẹn ni iṣẹ́ gan-an wà, torí ní ẹkùn bẹ́ẹ̀, ẹni tí ẹgbẹ́ bá ti mú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán kí ìlú tó dìbò.

Aṣòfin tó bá ti wọlé á máa gbọ́ ti àwọn tí wọ́n ń pè ní whip. Àwọn ló ń ṣọ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ ṣe ń dìbò, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fi ìwé ránṣẹ́, èyí tí wọ́n bá fa ìlà mẹ́ta sí nídìí, ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ti fọwọ́ ara ẹ̀ ba iṣẹ́ ara ẹ̀ jẹ́. Torí inú àwọn aṣòfin náà ni olóòtú ìjọba ti ń mú mínísítà, kò sí pé kó lọ mú ọ̀gá báńkì kan láti ìta bí ààrẹ Nàìjíríà ṣe lè ṣe, àfi tó bá kọ́kọ́ fi onítọ̀hún sí ilé aṣòfin àgbà. Boris Johnson fi Badenoch ṣe mínísítà kékeré lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé àti ẹbí ní 2019, wọ́n gbé e lọ síbi ìṣúná ní 2020, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní July 2022 nígbà tí ìjọba Johnson ń wó.

Fífiṣẹ́ sílẹ̀ yẹn ló ṣílẹ̀kùn. Tí ẹgbẹ́ Conservative bá fẹ́ yan olórí, àwọn aṣòfin wọn ló máa kọ́kọ́ dìbò, ẹni tí tiẹ̀ kéré jù á máa já bọ́ títí á fi ku ẹni méjì, lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ káàkiri ìlú á mú ọ̀kan. Ní 2022 Badenoch bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbò 40, ó dé 59 kó tó já, ipò kẹrin. Kò wọlé, ṣùgbọ́n ìlú ti mọ̀ ọ́n, Liz Truss tó wọlé sì sọ ọ́ di mínísítà àgbà fún òwò ilẹ̀ òkèèrè lóṣù September ọdún yẹn. Ẹni tó bá díje tó sì fìdí rẹmi dáadáa máa ń rí nǹkan mú bọ̀.

Ní July 2024 ìlú lé Conservative kúrò lórí ìjọba, aṣòfin 121 ló ṣẹ́ kù fún wọn. Èèyàn mẹ́fà ló jáde láti rọ́pò Rishi Sunak tó jẹ́ olórí wọn. Ní ìpele tó kẹ́yìn láàárín àwọn aṣòfin, Badenoch ní 42, Robert Jenrick ní 41, James Cleverly tó ti wà lókè pátápátá lọ́jọ́ tó ṣáájú ṣubú sí 37. Ká ní aṣòfin mẹ́ta péré nínú àwọn tó dìbò fún Badenoch ló yí ìbò wọn sọ́dọ̀ Cleverly, ẹlòmíì ni à bá máa sọ̀rọ̀ ẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, 53,806 ni Badenoch fi borí 41,388, ìdá 72.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ ló dìbò. Bí obìnrin tí wọ́n tọ́ dàgbà l'Ékòó ṣe di olórí ẹgbẹ́ tó pẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn, ìwúrí ló sì jẹ́, yálà èèyàn fara mọ́ ohun tó ń sọ tàbí kò fara mọ́ ọn.

Kí ni olórí alátakò, ìyẹn olórí ẹgbẹ́ tó ní aṣòfin jù lára àwọn tí ò ṣèjọba, wá ń ṣe? Gbogbo ọjọ́rú tí ilé bá jókòó, lágogo méjìlá ọ̀sán, ó máa bi olóòtú ìjọba ní ìbéèrè mẹ́fà, gbogbo ìlú ń wò ó. Ó tún máa yan ẹni tó máa ṣọ́ mínísítà kọ̀ọ̀kan, Jenrick tí wọ́n jọ díje, òun ló kọ́kọ́ fi ṣọ́ ètò ìdájọ́. Àmọ́ ipò náà ò dúró sójú kan. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ tí ò ní ipò nínú ìjọba, tí wọ́n ń pè ní 1922 Committee, lè kọ lẹ́tà pé àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́. Tẹ́lẹ̀, lẹ́tà ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló tó kí wọ́n tó dìbò bóyá kó lọ, wọ́n ti gbé e sí ìdá kan nínú mẹ́ta báyìí. Ẹkùn tiẹ̀ náà tún ń bẹ níbẹ̀: ní 2024 tí wọ́n tún ààlà pín, tó di North West Essex, ìbò 2,610 péré ló fi bọ́, nígbà tó ṣì ń jẹ́ Saffron Walden ní 2019, ìbò tó lé ní 27,000 ló fi borí.

Ìdìbò gbogbogbòò tó ń bọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá August 2029. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú fisà tó wà déédéé, kódà fisà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti òṣìṣẹ́, lè forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò nínú ẹ̀. Láti 2023 ni wọ́n ti ń bèèrè káàdì tó ní fọ́tò lójú ibi ìdìbò, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà sì wà lára èyí tí wọ́n ń gbà.