Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Béèrè Ímeèlì Tuntun Láìṣí Ẹyọ Kan

Ní àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó wà láti Sábó títí wọ Ẹ̀bútè ní Ìkòròdú, orí ímeèlì ni iṣẹ́ púpọ̀ ń gbà wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ á ti fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ látilé, á ní kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́ jáde kí òun tó dé. Oníbàárà mìíràn á fi ìwé ìpè ìnáwó ránṣẹ́, bébà dídán ló fẹ́ ẹ sí. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù lè ní àdírẹ́sì mẹ́ta, kó máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí bráwúsà. Dátà á lọ, ojúewé á máa yí gbirigbiri, ó sì lè jẹ́ pé lẹ́tà tuntun kankan ò sí níbẹ̀.

Ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò tó nǹkan: mélòó ló wọlé? Ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó láti béèrè, ìlà kan náà sì tó láti dáhùn.

Ímeèlì kì í wọ inú fóònù tààrà. Orí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ímeèlì, ló ń dúró sí. Nígbà tí POP, ìyẹn ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń bá server sọ̀rọ̀, jáde ní 1984, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fa lẹ́tà sọ̀kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ ẹni tó ni ín. Ní 1986, ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, Mark Crispin bẹ̀rẹ̀ ìlànà mìíràn, IMAP, tó ń fi lẹ́tà sílẹ̀ lórí server kí ẹ̀rọ púpọ̀ lè máa wo àpótí kan náà. Ohun tó dára jù nínú IMAP ni pé ọ̀rọ̀ tó ṣeé kà ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ohun tí áàpù ímeèlì ń sọ fún server lábẹ́nú, èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ẹnu ọ̀nà 993 (port) lára server ni wọ́n ń gbà wọlé, ọ̀rọ̀ tó bá gba ibẹ̀ kọjá sì wà ní títì pa, ẹlòmíràn lórí Wi-Fi kan náà ò lè kà á. Irinṣẹ́ tó ń jẹ́ curl mọ ọ̀nà náà dáadáa. Ó ti wà nínú Windows láti 2018, ó wà nínú Termux, áàpù tí wọ́n fi ń tẹ àṣẹ lórí fóònù Android, nítorí náà ẹni tí kò ní láptọ́ọ̀pù náà lè lò ó. Wọ́n á ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, wọ́n á wá kọ:

curl -s -u oruko@gmail.com "imaps://imap.gmail.com" -X "STATUS INBOX (MESSAGES UIDNEXT UNSEEN)"

Á béèrè pásíwọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà irú ìdáhùn yìí á jáde:

* STATUS "INBOX" (MESSAGES 2318 UIDNEXT 5127 UNSEEN 4)

Ó parí. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bi akọ̀wé gáréèjì pé ẹrù mélòó ló dé ní orúkọ òun: akọ̀wé á sọ iye rẹ̀, ẹrù á ṣì wà nílẹ̀ níbi tó wà. Bí ẹnì kan bá tiẹ̀ fi fáìlì ńláńlá ránṣẹ́, kò sí èyí tó sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀.

Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ò sọ ohun kan náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. MESSAGES ni gbogbo lẹ́tà tó wà nínú àpótí. UNSEEN ni èyí tí wọn ò tíì kà. Ṣùgbọ́n èyí tí wọn ò tíì kà yàtọ̀ sí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ka lẹ́tà kan lórí fóònù rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí òmíràn wọlé, UNSEEN á dúró sórí mẹ́rin, wọ́n á sì rò pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. UIDNEXT ló yẹ kí èèyàn gbẹ́kẹ̀ lé. Òun ni nọ́ńbà tí server ti pèsè sílẹ̀ fún lẹ́tà tó kàn. Kò sí ẹni tó ń kà tàbí tó ń pa lẹ́tà rẹ́ tó lè fà á sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ 5127 láàárọ̀, tó di 5129 lọ́sàn-án, nǹkan tuntun ti wọlé, kò sí àní-àní.

Bí wọ́n bá wá fẹ́ mọ ẹni tó kọ̀wé, wọ́n á fi irinṣẹ́ mìíràn, openssl, bá server sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ìlà àkọ́kọ́ á ṣí ọ̀nà, wọ́n á wá máa tẹ ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan:

openssl s_client -quiet -crlf -connect imap.gmail.com:993

a1 LOGIN oruko@gmail.com pasiwoodu
a2 EXAMINE INBOX
a3 SEARCH UNSEEN
a4 FETCH 2318 BODY.PEEK[HEADER.FIELDS (FROM SUBJECT)]
a5 LOGOUT

Àmì tó ṣáájú ìlà kọ̀ọ̀kan ni server fi ń sọ èyí tó ń dá lóhùn. SEARCH á ka nọ́ńbà àwọn lẹ́tà tí wọn ò tíì ṣí. FETCH á mú orúkọ olùránṣẹ́ àti àkòrí wá. Kí ẹ kíyè sí EXAMINE àti PEEK gidigidi. Bí wọ́n bá lo SELECT dípò EXAMINE, tí wọ́n sì yọ PEEK kúrò, server á gbà pé wọ́n ti ka lẹ́tà náà. Níbi tí èèyàn méjì ti ń lo àpótí kan, ẹnì kejì ò ní rí i bíi tuntun mọ́, iṣẹ́ oníbàárà á sì sọnù sáàárín àwọn méjèèjì. Pẹ̀lú EXAMINE, kò sí ohun tó lè yí padà nínú àpótí.

Ní ti pásíwọ́ọ̀dù, Gmail kì í gba èyí tí èèyàn fi ń wọlé lójoojúmọ́ fún irú àṣẹ yìí. Wọ́n á kọ́kọ́ tan ìfìdímúlẹ̀ onípele méjì, Google á wá ṣe pásíwọ́ọ̀dù mìíràn tó ní álífábẹ́ẹ̀tì 16 fún wọn. Kí wọ́n má kọ ọ́ sínú àṣẹ curl rárá, torí ìtàn àṣẹ á tọ́jú rẹ̀. Inú fáìlì tí ẹlòmíràn ò lè ṣí ni kó wà, kí wọ́n fi --netrc-file tọ́ka sí i, fáìlì kan fún àdírẹ́sì kan.

Lẹ́yìn náà ni cron, irinṣẹ́ tó ń ṣe àṣẹ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí wọ́n dá fún un, lè máa béèrè ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. IMAP tún ní àṣẹ IDLE láti 1997, tí server fúnra rẹ̀ á máa fi tó wọn létí, bí wọ́n bá ń tún un pè kí ìṣẹ́jú 29 tó pé. Ó dára níbi tí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti ń já. Níbi tí wọ́n ti ń já, okùn IDLE lè já kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, nítorí náà bíbéèrè lóòrèkóòrè ló dáa jù.

Kí ẹni tó ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ má ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sí pé lẹ́tà ò dé. curl ń fi nọ́ńbà sílẹ̀ nígbà tó bá parí: 0, ó ríṣẹ́ ṣe, 6, kò rí àdírẹ́sì server, ó sábà máa ń jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, 67, wọ́n kọ pásíwọ́ọ̀dù, 28, àkókò tí wọ́n fi -m dá fún un ti kọjá. Bí kò bá jẹ́ 0, kí ètò náà sọ ọ́ síta pé òun ò tíì rí àpótí yẹ̀ wò.